Àká Èédú Tó Wà Nínú Òkun Accra

Ẹni tó bá dé Accra láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òtútù ni yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ìlú tí oòrùn ń jó ni lára nínú oṣù Kẹta á wá tutù ní ìrọ̀lẹ́, débi pé èèyàn á fẹ́ wọ súwẹ́tà létí omi. Òjò nìkan kọ́ ló fà á. Òkun fúnra rẹ̀ ló tutù. Omi tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó máa ń tó ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á wálẹ̀ kọjá 25.

Accra kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì ló ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó ṣòwò ní Ghana, kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì lọ ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n òkun ìlú náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan ìkòkò ọbẹ̀ tiwa náà.

Ní àkókò òtútù yìí, omi tútù tó wà nísàlẹ̀ máa ń gòkè wá sójú òkun. Ó ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún àwọn ewéko kéékèèké inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Bí ewéko bá ti pọ̀, ẹja á tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni ẹja ṣàwá ń ya dé ní agbo-agbo. Nígbà tí mo dé etíkun Jamestown lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n pẹ̀lú orin, àwọn obìnrin sì ti ń ka ẹja sínú abọ́. Oṣù yìí kan náà ni àwọn Gã tó ni ìlú sábà máa ń ṣe ọdún Homowo. Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, orúkọ náà dùn mọ́ mi: wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tí omi tútù náà gbé gòkè, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi àwọ̀n kó. Kábọ́ọ̀nù ni. Kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú èédú tí a fi ń dáná. Ó wà nínú igi, nínú ara wa, àti nínú bẹntiróòlù. Bí a bá sun ún, á di gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide, èyí tí àwa náà ń mí síta. Gáàsì yìí ló ń bo ayé bí aṣọ òtútù, tí ayé fi ń gbóná sí i.

Òkun ni àká tó tóbi jù tí a ń kó o pamọ́ sí. Kábọ́ọ̀nù inú òkun tó ìlọ́po 50 èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Nínú èéfín tí ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ gbogbo ayé ń tú jáde lọ́dọọdún, òkun ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mì.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣe é. Ẹ lè fi àkọ́kọ́ han àwọn ọmọ nílé. Ẹ fi ìgò mínírà kan sínú fíríìjì, kí ẹ fi èkejì sínú oòrùn, kí ẹ wá ṣí méjèèjì. Èyí tó gbóná ni yóò hó dà sílẹ̀, nítorí pé omi tútù ló ń di gáàsì mú. Bẹ́ẹ̀ ni omi tó tutù gan-an nítòsí Greenland ṣe ń gba gáàsì, tí á rì sísàlẹ̀, tí á sì máa rìn lábẹ́ òkun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó tún rí afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ewéko kéékèèké wọ̀nyẹn. Wọ́n ń fi kábọ́ọ̀nù kọ́ ara wọn; bí wọ́n bá kú, tàbí tí ẹja jẹ wọ́n tó sì yàgbẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ á rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun.

Etíkun náà ní àká kékeré tirẹ̀. Níbi tí odò Densu ti ń wọ òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Accra, àwọn igi ẹ̀gbà ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀. Ẹrẹ̀ abẹ́ wọn ń pa kábọ́ọ̀nù mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ igi yìí kan náà ni àwọn èèyàn ń gé láti fi yan ẹja.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Gáàsì tí òkun ń gbé mì ń mú kí omi rẹ̀ kan sí i. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ti bẹ̀rẹ̀ láyé, ohun tó ń mú un kan ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ ri èèpo ẹyin sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ ó rí bí yóò ṣe máa hó. Omi òkun kò kan tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìkarahun àwọn ẹran omi, ohun kan náà pẹ̀lú èèpo ẹyin ni. Bí omi bá ṣe ń kan sí i ni yóò máa ṣòro fún wọn láti kọ́ ilé wọn. Omi tútù tó ń gòkè ní Accra sì ti ru ẹrù kábọ́ọ̀nù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyà kan ṣoṣo kọ́ ló ń jẹ ẹja. Àpajù ti dín wọn kù, débi pé ní ọdún 2019, ìjọba Ghana ti òkun mọ́ àwọn apẹja alọ́kọ̀ onígi fún oṣù kan. Bí omi ojú òkun bá tún ń gbóná sí i, yóò dà bí epo lórí ọbẹ̀: omi tútù ìsàlẹ̀ kò ní rọ́nà gòkè bó ṣe yẹ.

Ta ló ń wọn gbogbo èyí? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọkọ̀ ìwádìí láti ilẹ̀ òkèèrè ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ó ti ń yí padà. Ní Yunifásítì Ghana ní Legon, Edem Mahu ló ń darí BIOTTA, iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ẹkùn wa láti máa wọn bí omi òkun ṣe ń kan. Láti ọdún 2015 sì ni Brian Arbic ti Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan nípa òkun, tí wọ́n pè ní COESSING, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ghana àti Nàìjíríà. Regional Maritime University ní Nungua, Accra, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é.

Omi tó kọjá ní Accra kì í dúró síbẹ̀. Ìṣàn òkun Guinea ń gbé e lọ sí ìlà-oòrùn, gba Lomé àti Cotonou, dé Èkó, níbi tí NIOMR, àjọ ìwádìí òkun tiwa, wà ní Victoria Island. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn kẹ́mísírì, ẹ má rò pé ilé ìwòsàn àti ilé epo nìkan ni iṣẹ́ wà fún un. Ẹ sọ fún un pé òkun wà, pé àwọn tó ń wọ̀n ọ́n kò tíì pọ̀ tó, àti pé ṣàwá tó wà nínú ọbẹ̀ alẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n ń ṣọ́.