Ibi Tí Ọmọ Jókòó Sí

Kì í pẹ́ tí ènìyàn bá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀kan á ní ojú ni òun fi ń mọ̀wé, pé bí òun kò bá rí àwòrán, ohunkóhun kò lè yé òun. Èkejì á ní etí ni tòun. Ó máa ń gba ohùn olùkọ́ sórí fóònù, a sì máa gbọ́ ọ kó tó sùn. Ẹ̀kẹta á ní àfi bí òun bá fi ọwọ́ òun ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yìí ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a lè mọ ọ̀wọ́ tí a bọ́ sí. Eré ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá sọ ọ́ di ìdájọ́.

Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilé wa ní Ìṣẹ́ Èkìtì lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wà ní JSS 2 nígbà náà, mú èsì ìdánwò wálé, díẹ̀ ló sì kù kó gba ipò ìkẹyìn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ rí olùkọ́ rẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́ ni obìnrin náà fi sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe na ọmọ náà, pé ọmọ kò rí bákan náà, pé ti ọmọ yìí kì í ṣe orí, ọwọ́ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé òun ló máa ń tún àga ṣe nínú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ fún Ìyá wa pé òun ti rí káfíńtà kan ní ọ̀nà Emùré tí yóò gbà á síṣẹ́. Owó iléèwé ọdún tó ń bọ̀ ni òun yóò fi ra irinṣẹ́ fún un.

Ẹni tí kì í ṣe ará Èkìtì lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ìpínlẹ̀ tó kọ “Orísun Ìmọ̀” lédè Gẹ̀ẹ́sì sára nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tiwa, a sì máa ń ṣe àwàdà pé kò sí ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tí a bá mú kúrò níléèwé níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ pé orí rẹ̀ kò gbàwé.

Kì í ṣe pé mo kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́ o. Ta ni yóò jẹ́ ọmọ Ìṣẹ́ tí yóò kẹ́gàn rẹ̀? Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n ti bí Olówè agbẹ́gilére, ṣùgbọ́n Ìṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ fún Aríńjálẹ̀, orúkọ ìlú wa ni ayé sì fi ń pè é títí dòní. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn ńlá ní Wembley lọ́dún 1924. Ilé ọnà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ kó padà; àga ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. (Mi ò tíì rí ẹni tó sọ fún mi pé pàṣípààrọ̀ náà bára mu.) Ògògà wà lójú ilẹ̀kùn yẹn lórí ìjókòó rẹ̀, òyìnbó aṣojú ìjọba sì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé e dání. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti ní láti fojú wọn igi, kó mọ ìtàn tó fẹ́ sọ, kó sì ṣírò ibi tí orí kọ̀ọ̀kan yóò wà, kó tó sọ irin kàn án. Ẹni tó bá ní ọwọ́ nìkan ni Olówè fi ṣe é kò tíì wo iṣẹ́ náà dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn kò fi wọ̀ mí létí. Ní ọdún 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà yẹ gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni olúkúlùkù ní ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wù ú. Ṣùgbọ́n pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ọ̀nà tó wù ú ni yóò mọ̀ ọ́n jù, wọn kò rí ẹ̀rí tó múná dóko fún un. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé ohun tí à ń kọ́ ló máa ń sọ ẹ̀yà ara tí a nílò. Kò sí bí ojú ẹnikẹ́ni ṣe lè mú tó, etí ni yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín igba, igbá àti ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí etí ṣe lè dá ṣáká tó, ẹni tí kò bá wo àwòrán ilẹ̀ kò ní mọ ibi tí Ìkẹ́rẹ́ wà sí Adó.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì gbàyè lọ́wọ́ olùkọ́ náà láti wá jókòó sí kíláàsì.

Ọmọ 68 ló wà níbẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni ó tọ́ sí olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìlà ẹ̀yìn ni ọmọ wa wà, lẹ́bàá fèrèsé. Mo jókòó tì í. Ìmọ́lẹ̀ tó gba fèrèsé wọlé ń kọ mànà lójú pátákó ìkọ̀wé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, débi pé ìdajì ohun tí olùkọ́ kọ ni mo rí. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìn ògiri. Mo ṣì ń rí ẹnu olùkọ́ tó ń mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ta ló ń dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo fẹnu kò ó létí, mo ní, “Ṣé báyìí ló máa ń rí?”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Bí àwọn tó wà níwájú mi bá ti ń kọ nǹkan, èmi náà á máa kọ ọ́.”

Àga tí wọ́n ní ó máa ń tún ṣe ńkọ́? Tirẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Bí kò bá fi òkúta kan ìṣó rẹ̀ wọlé láràárọ̀, òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń jókòó yóò ṣubú ni.

Ìtàn New York ló wá sí mi lọ́kàn. Ní ọdún 1975, Arline Bronzaft àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ tí kíláàsì wọn kọjú sí ojú irin náà ń rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà sí àwọn tó wà ní apá tó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin náà, tí wọ́n sì tún àjà àwọn kíláàsì ṣe, ìyàtọ̀ náà pòórá. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ọpọlọ àwọn ọmọ náà.

Mo sọ ohun tí mo rí fún olùkọ́ wọn. Kò bínú, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó sẹ́yìn rí, iwájú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ṣètò pé kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa sún síwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ti iwájú sì bọ́ sẹ́yìn. Àwa òbí àti alágbàtọ́ dá owó ọ̀dà dúdú fún pátákó. Ìyá tó ni ẹ̀rọ ìlọta ní àwọn tó ń gbé ata wá kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí a yí ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sí ojú títì. Nílé, mo máa ń ní kí ọmọ náà pa ìwé dé, kó sọ ohun tó rántí fún mi. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó sàn lójú rẹ̀ kó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ní òpin sáà tó tẹ̀ lé e, ipò 31 ló ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé náà títí, wọ́n ká a, wọ́n fi í sápò. Nígbà tí wọ́n ṣílé, wọ́n san owó iléèwé, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọmọ náà ń lọ sọ́dọ̀ káfíńtà ọ̀nà Emùré, nítorí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú. Ó ṣì ń sọ pé ọwọ́ ni tòun. Mi ò bá a jiyàn.

Òrùlé ló kù. Páànù lásán ni, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá ti dé, olùkọ́ á dákẹ́, á máa kọ̀wé sójú pátákó títí yóò fi dá. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti ń ṣírò ohun tí àjà yóò ná wa, káfíńtà náà sì ti ní òun kò ní gba owó iṣẹ́. Ọmọ wa ló wọn yàrá náà. Ó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀: 30 ẹsẹ̀ bàtà ní òró, 24 ní ìbú. Ó ní pátákó àjà 45 ni yóò bò ó, ó sì fi 3 kún un nítorí èyí tó lè fọ́.