Ẹkún Etí Méjì

Ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ní ẹkún tirẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú ìyá bàbá mi, wọ́n á ti fi kọ́ ọ tipẹ́tipẹ́: á kí baba, á kí ìyá, á kí ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣeré òṣùpá, á sunkún dé ẹnu ọ̀nà ọkọ. Ọmọ tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ lẹ́kún? Ìwé ìrìnnà ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ lọ́dún 2002, wọ́n ní n má sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú òyìnbó. Ẹkún tí n kò sun ní Mushin lọ́jọ́ náà ni mo jókòó sun lónìí. Bàbá mi, ẹ̀yin ni mò ń sun ún fún.

Áà, Peckham ní London! Peckham oníṣu, Peckham aláta rodo, Peckham tí pọ̀nmọ́ ò wọ́n, tí ọmọdé ò gbọdọ̀ dá jáde. Ọdún 2000 ni wọ́n pa Damilola Taylor níbẹ̀, ọmọ ọdún 10 tí kò tíì pẹ́ tó ti Nàìjíríà dé. Ìyá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní ti ilẹ̀kùn? Bí mo bá ti ilé ìwé dé, kọ́kọ́rọ́ á yí lẹ́ẹ̀mejì. Màmá á lọ tọ́jú arúgbó onílùú, ẹ̀yin á lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru, á wá ku èmi àti rédíò.

Nílé ìwé, bí mo bá ti lanu, ẹ̀rín ni. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi gan-an ló ń fi mí rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti gé orúkọ wọn kúrú bí èékánná. Ẹnu mi wúwo. Mo dákẹ́ títí, olùkọ́ rò pé n kò gbọ́ òyìnbó.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mò ń yí rédíò kiri. Ó ń han ṣììì, ó ń han ṣììì, àfi bí ohùn ọmọkùnrin kan ṣe já wọ yàrá, ọ̀rọ̀ ń lé ọ̀rọ̀, ìlù abẹ́ rẹ̀ ń lù ní bíi 140 láàárín ìṣẹ́jú kan. Rinse FM ni, rédíò tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Orí òrùlé ilé gogoro ni irú wọn ń ri eriali mọ́; bí agbófinró bá yọ ọ́ lówùúrọ̀, wọ́n á gbé òmíràn gùn ún lálẹ́. Mo fi wáyà ìkọ́ aṣọ kún eriali tiwa, mo nà án sí fèrèsé, mo fọwọ́ dì í mú, torí bí mo bá jù ú sílẹ̀, ohùn á lọ. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ń gbọ́ wọn, ilé dé ilé, àdúgbò dé àdúgbò. Bí orin kan bá dùn mọ́ ọ, fi fóònù filáàṣì wọn. Bí filáàṣì bá pọ̀, DJ á dá àwo náà padà síbẹ̀rẹ̀. Filáàṣì! Ohun tí a ń ṣe ní Mushin nítorí kírẹ́díìtì tí kò tó. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ní ìlú òyìnbó nìyẹn.

Grime ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2003, Dizzee Rascal gba ẹ̀bùn Mercury, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ghana, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Nàìjíríà. Ní Tottenham, Skepta àti JME, ọmọ ìyá kan náà, Adénúgà ni orúkọ baba wọn. Adénúgà! Lórí rédíò, tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Orin yẹn ló fún mi lẹ́nu nílé ìwé. N kò ní bú u láéláé.

Àmọ́ ẹ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ bá mi nídìí rédíò. Ẹ ní, “Ṣé orin rèé, àbí ariwo àwọn ọmọ ìta?” Ẹ pa á, ẹ ki kásẹ́ẹ̀tì Barrister, olórin fújì, bọ ẹ̀rọ. Mo ní orin ọmọ garéèjì ni tiyín náà, mo ti ilẹ̀kùn yàrá.

Ó mà ṣe o, bàbá mi. Kí ni Barrister fi bẹ̀rẹ̀? Ṣebí wéré ni, orin àwọn ọmọdékùnrin tó ń jí Mùsùlùmí sí sààrì lóṣù Ràmàdáánì. Òru ni tiwọn, òru ni ti àwọn ọmọ orí òrùlé. Orúkọ ni wọ́n ń pè, orúkọ ni àwọn wọ̀nyí náà ń pè. Síkírù Àyìndé Barrister sọ wéré di fújì, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń yínmú sí i. Àwọn ọlọ́pàá London náà gbé fọ́ọ̀mù 696 jáde lọ́dún 2005, kí ẹni tó fẹ́ pe òde orin kọ́kọ́ wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n tó fagi lé e. Ìyà kan náà, bàbá mi, ìyà kan náà ló jẹ orin yín àti tèmi. Ẹ ò sọ fún mi. Èmi ò bi yín.

Ọdún 2010 ni ìjọba fún Rinse níwèé àṣẹ. Ọdún náà kò tíì parí, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, Barrister kú. Níbo? Ní London. London tí a wà yìí! Wọ́n gbé e lọ sílé, Èkó gbọ̀n. Ẹ pè mí, ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.” N kò mọ èyí tí mo lè fi kún un.

Lọ́dún 2018 wọ́n fi Skepta joyè Amúlùúdùn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ ò bá bi mí pé ọmọ ta ni. Ǹ bá dáhùn. À bá wà lórí ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ikú ò jẹ́. Ikú ti mú yín lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì yín wà nínú páálí bàtà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fi bírò kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ yín ti kọṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹkún mi, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní London níbí, kó jọ̀ọ́ yá mi: ọmọkùnrin mi tó ń bàlágà ní òun fẹ́ gé ìlù inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà fi ṣe orin tòun.