Ẹ̀rí Ẹni Kẹta

Ẹ̀rí ìwòsàn àti ti físà ló wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tèmi yàtọ̀. Ìlara ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, ìlara ọ̀rẹ́ mi tí mo máa ń gbé ọ̀pá lé lọ́wọ́.

Rìléè 4x400 mítà la jọ ń sá fún ìpínlẹ̀ wa. Òun ló ń parí rẹ̀, èmi ni ẹni kẹta. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìlà tirẹ̀ títí tó fi gbé ọ̀pá fún ẹni kejì. Ẹni kejì ló ń já wọ ìlà inú lẹ́yìn kọ́nà àkọ́kọ́. Ẹni kẹrin ni kámẹ́rà ń dúró dè. Ẹni tí kò yára tó àwọn yòókù ni kóòṣì wa ń fi sí ipò kẹta, á wá ní ọgbọ́n ló gbà. Ọgbọ́n kí ni?

Bí àwọn tó ń bọ̀ bá ti dé 200 mítà, àwọn aláṣẹ pápá á tò wá bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Ẹni tí tirẹ̀ ṣíwájú ló ń bọ́ sínú. Ìgúnpá níhìn-ín, èjìká lọ́hùn-ún. O kò lè kọ̀yìn sí ẹni tó ń bọ̀ bíi ti 4x100, torí ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kò mọ ibi tó ń na ọ̀pá sí mọ́. Ìwọ lo máa wò ó, wàá fi ọwọ́ òsì já a gbà, wàá sì pààrọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún bí o ṣe ń sá lọ. Ọ̀pá náà á ti rin fún òógùn. Ní 100 mítà tó kẹ́yìn, itan á le gbagidi, ọrùn á máa fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọ̀rẹ́ mi lọ́ọ̀ọ́kán, ara rẹ̀ gbẹ, ó nawọ́. Inú á bí mi.

Ní Sátidé, 30 Oṣù Kẹsàn-án 2000, a ń wo rìléè yìí kan náà, ti àwọn ọkùnrin, ní Òlíḿpíìkì Sydney nílé ẹ̀gbọ́n mi. Clement Chukwu ti Nàìjíríà gbé ọ̀pá fún Jude Monye, Monye gbé e fún Sunday Bada, Bada gbé e fún Enefiok Udo-Obong. Nígbà tí Udo-Obong já Jàmáíkà sílẹ̀ lẹ́nu ìlà, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. 2:58.68, fàdákà, lẹ́yìn Amẹ́ríkà.

Mo ní, "Bada ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ló bi ọ́?"

Bada tó gba góòlù 400 mítà nínú gbọ̀ngàn ní ìdíje àgbáyé ọdún 1997 kò kéré sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ipò kẹta náà ni wọ́n fi í sí.

Ní 2008, Antonio Pettigrew tó sá eré yẹn fún Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n 2012 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ti Nàìjíríà. Bada ti kú ní Oṣù Kejìlá 2011. Mo sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí tirẹ̀ nìkan, n kò ní tàn yín.

Ọ̀rẹ́ mi ṣe ọjọ́ ìbí láìpẹ́ yìí. Olùdarí ètò pè é ní "obìnrin tó gba góòlù fún ìpínlẹ̀ wa." Mo pàtẹ́wọ́, mo jẹ ìrẹsì wọn, mo sì di ẹran sínú ọ̀rá lọ sílé.