Àwìn Bàbá Wa àti Àwìn Inú Káàdì

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Kàdúná mọ àwìn kí a tó mọ báńkì. Aṣọ ni bàbá wa ń tà láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san. Òṣómàáló ni wọ́n. Orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n wà nínú ìwé kékeré kan.

Káàdì tí a fi ń gbowó nídìí ATM, owó tiwa ló ń fà. Káàdì àwìn yàtọ̀. Ní 1950, Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York: ẹ jẹun, ẹ fi páálí kékeré hàn, ẹ sanwó tó bá yá. Ní 1958, Bank of America fi káàdì bí 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará Fresno, ní California, láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè. Ọ̀pọ̀ ná an, wọn kò san. (Ta ni yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn?) Síbẹ̀ káàdì náà kò kú, Visa ni wọ́n sọ ọ́ ní 1976.

Èlé ló ń ṣe iṣẹ́ òṣómàáló níbẹ̀. Ní 2019, àbúrò wa kan pè láti Amẹ́ríkà, ó ń sunkún. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tí báńkì ní kó máa san lóṣooṣù ló ń san, èlé sì ń gorí èlé. Gbogbo ẹbí la dáwó jọ.

Ìwé bàbá wa ṣì wà lọ́wọ́ wa. Orúkọ 13 ni wọn kò fa ìlà lé kí wọ́n tó dolóògbé. Ìyá wa ní kí a má bèèrè.