Kọ̀ǹpútà Àgbà

Kọ̀ǹpútà tí mo rà ní ọdún 2004 kò tíì kú, àgbà ni ó dé sí i. Windows XP ni ó bá wá. Nígbà tí Microsoft dẹ́kun àbójútó XP ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ẹnì kan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe fi Windows 7 rọ́pò rẹ̀ fún mi. Ó kéré tán, gígàbáìtì kan ni ìyẹn ń béèrè ní ìrántí. Ìlàjì rẹ̀ ni tèmi ní. Ẹrù ọ̀dọ́ ni a gbé ru arúgbó. Mo lè se omi, kí n sì mu tíì tán, kí ó tó jí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ó dùn mí jù. Oríkì ilé wa, tí ìyá mi kì fún mi kí wọ́n tó papò dà, wà nínú rẹ̀. Fọ́ǹtì àtijọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí ó fi ẹ àti ọ jókòó sí ipò àmì mìíràn (ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa ń dá nìyẹn kí Unicode tó gbilẹ̀). Ètò tí ó gbé fọ́ǹtì náà wá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí Windows 7; oríkì di wúruwùru.

Mo kó àwọn fáìlì sórí fláàṣì, mo wá dísìkì XP jáde, mo sì nu ẹ̀rọ náà mọ́. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú 39. Ó lò tó wákàtí méjì. N kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí XP kò ní aláàbò mọ́. Mo ṣí fáìlì náà: àmì ìsàlẹ̀ ti padà sábẹ́ lẹ́tà wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

Ọmọbìnrin mi yọjú láti yàrá kejì. Ó ní, “Bàbá, ta ni ẹ ń kì?”

Mo ní kí ó jókòó.