Ẹ́ńjìnnì Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Ẹ́ńjìnnì dísù kì í kú torí pé a yọ kọ́kọ́rọ́. Iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta ni ti pẹtiróòlù fi ń ṣiṣẹ́; bí a bá ti gé iná yẹn, ó parí. Dísù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ta iná sí i. Písítìnì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná gidigidi, dísù tó bá sì ti tú sínú ooru bẹ́ẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ Rudolf Diesel nìyẹn, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Paris lọ́dún 1858. Níwọ̀n ìgbà tí epo bá ṣì ń dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa á, epo ni kó dá dúró.

Nínú Mercedes 300D àtijọ́, irú èyí tó wà lára ìdílé W123 tí wọ́n gbé jáde ní 1976, fákúùmù ló ń dá epo dúró. Pọ́ǹpù kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù. Páìpù nípọn kan ti ara rẹ̀ lọ sínú hydrovac tó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Lára páìpù nípọn yìí ni àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ti yà. Ọ̀kan gba ìdí kọ́kọ́rọ́ kọjá lọ sára injector pump, èyí tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì: bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, ọ̀nà á ṣí, fákúùmù á fa awọ róbà kan, awọ náà á sì fa irin tó ń ti epo pa. Òmíràn lọ sí àwọn ilẹ̀kùn, búùtù àti ìdérí ojú táǹkì, kí gbogbo wọn lè tì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí jíà bá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, ó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Inú àwo kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí mọ̀ gan-an nìyẹn, torí pé owó ńlá ni àìmọ̀ ọ́n ń ná ènìyàn. Róbà tó ya nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè jẹ́ ohun tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú.

Ó ṣojú mi ní àgbàlá mekáníìkì kan ní Brigade, ní Kánò. Ará àdúgbò wa kan gbé 300D rẹ̀ wá. Ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké. Ọmọ iṣẹ́ ní láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó tẹ irin kékeré tí wọ́n kọ STOP sí, kí ọkọ̀ tó dákẹ́. Níbi tó ti kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ti ní kó lọ tún injector pump ṣe, owó tí wọ́n sì dá lé e kò kéré. Ọ̀gá mekáníìkì náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Sabon Gari, kò fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá. Ó kàn bi í pé:

“Alhájì, ilẹ̀kùn yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń tì pọ̀?”

“Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Nínú ọkàn ọlọ́kọ̀, àrùn méjì ni. Ọ̀kan lè dúró títí owó yóò fi wà, èkejì kò ṣeé fi sílẹ̀. Ọ̀gá yọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ilẹ̀kùn kúrò lára èyí tó nípọn, ó fi ìka dí ojú ihò tó ṣẹ́ kù, ó ní kí wọ́n tún ṣáná sí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Ara injector pump le koko.

Nígbà tí wọ́n dá páìpù náà padà tí ẹ́ńjìnnì sì tún ń ṣiṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà gbé etí sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbọ́ ohùn ṣìì, ó fi Hausa ní, “Iska na fita,” pé afẹ́fẹ́ ń jáde. Ọ̀gá ní rárá, ó ń wọlé ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́, torí ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì físíìsì nìyẹn, tí púpọ̀ nínú wọn kọ sínú ìdánwò láìgbà á gbọ́. Fákúùmù kò lágbára kankan. Afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká ló ń tì. Torricelli ti fi èyí hàn ní Ítálì lọ́dún 1643. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Otto von Guericke ní Jámánì pa ìlàjì bọ́ọ̀lù bàbà méjì pọ̀, ó fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ẹṣin kò sì rí wọn fà ya. Ní etíkun, títì náà tó ìwọ̀n kìlógíráàmù kan lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kánò ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 480, nítorí náà afẹ́fẹ́ tiwa fúyẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tí fákúùmù rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó ní Èkó yóò tètè fi àléébù hàn níbí.

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í sábà jò; ike líle ni. Àwọn róbà kéékèèké tó so ọ̀kan mọ́ ìkejì ni kó o wò. Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ń yan wọ́n, eruku ọyẹ́ ń gbẹ wọ́n, wọ́n á sán bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀gá kò ní gééjì. Ó ń fi ẹnu fa páìpù, á fi ahọ́n dí i, á sì dúró. Bí ahọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà yẹn dá. Bí ó bá já, ibẹ̀ ló ń jò. Bí ó bá tọ́ ọ́ìlì wò nínú páìpù tó ti ọ̀dọ̀ injector pump bọ̀, awọ inú ibẹ̀ ti ya nìyẹn, kò tún sí àríyànjiyàn. Ọ̀nà kan lẹ́yìn òmíràn ló ń dán wò, kì í yọ méjì pọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń yọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á wá máa wá ibi tí wọn yóò dá a padà sí. Àwọ̀ tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi sí i wúlò gan-an níbẹ̀: búráùn lọ sí ọ̀nà pípa ẹ́ńjìnnì, yẹ́lò tó ní ìlà lára lọ sí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kù ní Kánò, róbà funfun rírọ̀ ti gba ipò wọn. Irú róbà bẹ́ẹ̀ máa ń pa pọ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà á dí láìsí ibi tó jò, ìyẹn sì ṣòro láti rí ju jíjò lọ.

Ohun tí mò ń bá jà ni àṣà dídí. Wọ́n á ti ìṣó tàbí bóòtù sínú páìpù, ọkọ̀ á kú bí ó ti yẹ, ọlọ́kọ̀ á sanwó lọ. Mi ò sọ pé kò dára rárá. Ilẹ̀kùn tí kò tì pọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó dí i kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mekáníìkì tó bá gbà á lẹ́yìn rẹ̀ á bá ọkọ̀ tí kò jọ àwòrán kankan. Lára páìpù hydrovac ní tirẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ dídí, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ “ẹ jẹ́ ká máa lò ó bẹ́ẹ̀”. Ẹ rò ó wò lójú ọ̀nà Zaria, kí ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì kó sì le bí òkúta. Kí wọ́n ṣọ́ pọ́ǹpù fákúùmù náà bákan náà: bẹ́árìn inú rẹ̀ tó bá fọ́ lè já bọ́ sínú ibi tí ṣéènì ẹ́ńjìnnì ti ń yí, odidi ẹ́ńjìnnì á sì bá a lọ.

Mo bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ kí n ya ọ̀nà páìpù ọkọ̀ náà sórí páálí. Ó ń sọ, mò ń yà, ọmọ iṣẹ́ ń fi Hausa kọ orúkọ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awọ róbà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ló ya. Wọn kò rí irú rẹ̀ ní ọjà Kofar Ruwa lọ́jọ́ náà, nítorí náà wọ́n dí páìpù ilẹ̀kùn yẹn nìkan, wọ́n so bébà mọ́ ọn pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí, wọ́n sì lẹ páálí náà mọ́ abẹ́ ìdérí búùtù. Àwọn ilẹ̀kùn yòókù ń tì pọ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì sì ń kú bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́.