Ta Ni A Ó Sọ Fún Pé Kó Rọra?

Ó ṣòro kí a rí agbo ilé kan ní Adido tí kì í rán ọmọ lọ síbìkan, tàbí kí ó gba ọmọ àlejò, ní oṣù kẹjọ. Àwọn ti Kútọnu ń gòkè bọ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, àwọn tiwa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù náà, ọ̀pọ̀ ìdílé a tún kóra jọ lọ sí Ìdáàṣà, síbi ihò àpáta Ìyá wa Màríà ti Arígbó. Ọ̀rọ̀ ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń jiyàn lé lórí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ katikísìmù: ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀.

Kì í ṣe àlọ́. Ní ìlú Phoenix, ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Waymo ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé èrò láti ọdún 2020, láìsí ẹnikẹ́ni lórí àga awakọ̀. Ó ti dé San Francisco àti Los Angeles pẹ̀lú. Ní Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ Baidu ń ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Wuhan. Ènìyàn á fi tẹlifóònù pè é, á wọlé, ìtọ́kọ̀ á sì máa yí fúnra rẹ̀ bí ẹni pé iwin ló dì í mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Phoenix pè wá ní ìsinmi tó kọjá. Ó ní, "Bàbá kékeré, mo gbé àwọn ọmọ jáde nínú rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ sùn lọ." Mo gbé ohùn tẹlifóònù sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ta lo wá sọ fún pé kó rọra?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn káàkiri. Àwọn ọlọ́kadà wa, àwọn zémìjàn, fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò mọ ebi kò lè mọ ìyà ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn fẹ́ kó dé lọ́la, nítorí pé ẹ̀rọ kì í mu sódàbì. Obìnrin kan tó ń ta gaàrí létí títì sọ èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ó ní, "Bó bá gbá ọmọ mi, ilé ta ni wọn yóò ti wá bẹ̀ mí?"

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: awakọ̀ ẹlẹ́ran ara tí a ní yìí, ṣé a máa ń sọ fún un? Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ènìyàn márùn-ún ń gbé mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ wà lórí itan, a kì í tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ èrò. Awakọ̀ ti lọ sí Kútọnu, ó ti bọ̀, ó tún fẹ́ padà lọ kí owó ọjọ́ náà lè pé. Oorun ń kùn ún. Bàbá ọmọ tó sanwó ti sùn. Bí ìyá kan bá sì ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," èrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ní kó fi ọ̀gá sílẹ̀ kó ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, lójú ọ̀nà ńlá wa yìí kan náà, ní agbègbè Ìdáàṣà, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọ ara wọn, iná sì sọ. Àwọn tó kú tó 20 ènìyàn, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ọ̀nà pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ikú náà sì pọ̀ jù sí, bí a bá wò ó sí iye ènìyàn. Ẹ̀rọ kọ́ ló wà nídìí ìtọ́kọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ mi yóò rántí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Kútọnu lọ sí Paraku, kìlómítà 438, tó ń dúró ní Ṣábẹ̀. Ta ni nínú wa ló mọ ojú ẹni tó ń wà á? Síbẹ̀ à ń jẹ ẹ̀pà, à ń sùn. (Ó ti pẹ́ tí kò ti gbé èrò mọ́, èmi ṣì ń ṣàárò rẹ̀.) Ohun tó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé kò lè yà kúrò lójú irin.

Ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ kò ní irin. Ojú ló fi ń rìn, ohun tí a kò bá sì fi kọ́ ọ, kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ní ìlú Tempe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phoenix, ọkọ̀ àdánwò ilé-iṣẹ́ Uber pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì lóru. Àwọn olùwádìí ìjọba sọ pé ẹ̀rọ náà ti rí i ní ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kó tó gbá a. Orúkọ rẹ̀ ló ń yí padà: ó ní ọkọ̀ ni, ó ní kẹ̀kẹ́ ni, ó ní ohun mìíràn ni. Àwọn tó ṣe é kò rò ó pé ènìyàn lè kọjá níbi tí a kò kun àmì ìkọjá sí. Ẹnì kan sì wà lórí àga láti máa ṣọ́ ọ. Fóònù ni ẹni náà ń wò.

Ẹ gbé ìyẹn wá sí Adido. Níbo ni àmì ìkọjá wà? Ẹ wo ìyá tó ru igi, agbo màlúù, àgbàdo tí a sá sí etí títì. Ẹ wo ewé tútù tí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ tò sójú ọ̀nà: ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ pé ewu wà níwájú. Lójú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ewé ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà jẹ́wọ́ nígbà tí mo bi í léèrè. Inú ìlú ni ọkọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán gbogbo títì rẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ wo Grand Canyon, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ tí ìyá oníga­àrí ń wá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2024 sọ pé bí ọkọ̀ tí a fọwọ́ sí bá ń wa ara rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó dúró fún un ni yóò jẹ́jọ́ bó ṣe rìn, kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ó dára, wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò bá wí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í wọlé wá dọ̀bálẹ̀. Ní ọdún 2007, ọ́fíìsì Ìjọ ní Róòmù tó ń bójú tó arìnrìn-àjò gbé òfin mẹ́wàá awakọ̀ jáde. Èkínní ni pé ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn. Mo máa ń kà á fún àwọn ọmọ, mo sì ń bi wọ́n pé: ta ni "ìwọ" náà, bí àga bá ṣófo?

Bí ẹ̀rọ náà bá kọ́ ọ̀nà wa dájú lọ́jọ́ kan, tó sì mọ ewé tútù, èmi yóò gbé ọmọ mi sínú rẹ̀. N kò ní fi ikú dá ìgbéraga ènìyàn lọ́lá. Kó tó dé, ohun tó dára nínú rẹ̀ kò kọjá agbára wa: kò mutí, kò tòògbé, kò gba èrò ju ìjókòó lọ.

Nítorí náà ni àwa ìdílé bíi mélòó kan ṣe ti fẹnu kò lórí ìrìn-àjò Ìdáàṣà ọdún yìí. A ó san owó ọjọ́ méjì fún awakọ̀, kó má baà sáré padà wá gbé èrò mìíràn. Òwúrọ̀ la ó gbéra, a kò ní í rìn lóru. Àgbàlagbà kan tí kì í sùn ni yóò jókòó tì í níwájú, òun ni a fún láṣẹ láti sọ pé kó rọra, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun bá wa lọ, kó mú orúkọ rẹ̀ wá lẹ́yìn Máàsì. Ọmọ kan, ìjókòó kan.